Kò Sẹ́ni Tó Ń Jẹ́ Bẹ́ẹ̀ Níbí

Oyèdèjì kì í sáré gbé fóònù. Bí ó bá dún, á kọ́kọ́ wò ó bí ẹni ń wo ajá tí kò mọ olówó rẹ̀. Á jẹ́ kó dún dáadáa. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ gidi lẹ́nu, yóò tún pè.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni, nǹkan bí aago mẹ́ta. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn géètì iléeṣẹ́ ẹja kan tí wọ́n ti tì pa ní Ìkòròdú, ó ń jẹ gúgúrú pẹ̀lú ẹ̀pà, nígbà tí fóònù tọ́ọ̀ṣì tó fi okùn so mọ́ ìṣó lára ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Fóònù náà kì í ṣe tirẹ̀. Ti iléeṣẹ́ ni. Àlájì Tìrìmísíyù, ọmọ Ẹ̀pẹ́ tí bàbá rẹ̀ àti bàbá bàbá rẹ̀ ti ń ná ẹja lórí ọ̀sà, ló dá iléeṣẹ́ náà sílẹ̀. Nígbà tí ọjà ń lọ, ogójì òṣìṣẹ́ ló ń gba géètì yẹn wọlé láràárọ̀. Wọ́n á yan ẹja àrọ̀, wọ́n á yan epìyà, wọ́n á dì í sínú ọ̀rá, ọkọ̀ á gbé e lọ. Oyèdèjì, ará Ìṣẹ́yìn tó ti ń ṣe àtìpó ní Ìkòròdú láti ọdún méjìlélógún, ni aṣọ́nà wọn. Gbogbo ẹni tó bá wọlé, òun ló ń kọ orúkọ wọn sínú ìwé géètì, ìyẹn á sì fọwọ́ sí i níwájú orúkọ rẹ̀. Ìgbà tó yá, iná ò dúró mọ́, epo jẹnẹrétọ̀ gbówó lórí, Àlájì sì kó ẹrù tó lè kó padà sí Ẹ̀pẹ́. Oyèdèjì nìkan ló kù tó ń ṣọ́ àgbàlá. Ìbídùnní, akọ̀wé, bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Ìbàdàn. Kó tó lọ, ó gbé fóònù iléeṣẹ́ lé aṣọ́nà lọ́wọ́.

"Bàbá Mọ́fẹ́, ẹ bá wa mú un dání. Oníbàárà lè pè."

Oníbàárà kan sì pè lóòótọ́. Ohùn rẹ̀ tutù bí omi inú àmù. Ó béèrè bóyá àwọn ẹ̀rọ ṣì wà níbẹ̀. Oyèdèjì ní wọ́n wà, sà. Ó béèrè iye aṣọ́nà tó wà níbẹ̀. Oyèdèjì ní òun nìkan ni, sà. Ó béèrè ìgbà tí ó máa ń lọ jẹun. Oyèdèjì ní aago méjì ni, sà. Ní ọjọ́ kejì, láago méjì ààbọ̀, Oyèdèjì ti ibi oúnjẹ dé, ó bá géètì ní ṣíṣí sílẹ̀ gbayawu. Wọ́n ti gbé jẹnẹrétọ̀ lọ, wọ́n ti gbé fíríìsà ńlá méjèèjì lọ. Àwọn ọlọ́pàá ò rí olè mú, aṣọ́nà ni wọ́n mú. Ọjọ́ méjì ló fi sùn lórí sìmẹ́ǹtì lẹ́yìn káńtà, tí wọ́n ń bi í pé, "Bàbá, èló ni ìpín tìẹ níbẹ̀?" Àlájì ló ti Ẹ̀pẹ́ wá gba ìdúró rẹ̀. Bí wọ́n ṣe jáde síta ni Àlájì nàka sí i lójú.

"Déjì, láti òní lọ, ẹnikẹ́ni tó bá pè tó ń béèrè ẹnikẹ́ni, o ò mọ̀ ọ́n. Ṣé o gbọ́? Bí ó bá ṣe èmi gan-an ni wọ́n béèrè, o ò mọ̀ mí."

Oyèdèjì gbọ́. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, a kì í kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń sá fún alángbá.

Ní ọ̀sán Ìṣẹ́gun yìí, ó wo ojú fóònù náà. Nọ́ńbà gígùn kan ni, ó ní àmì ìròpọ̀ níwájú. Kì í ṣe nọ́ńbà ilẹ̀ yìí. Ó dún títí ó fi dákẹ́. Ó tún dún. Oyèdèjì nu ọwọ́ sí ṣòkòtò, ó gbé e.

Obìnrin ni. Òyìnbó ni. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń gba imú jáde, ó sì yára. Ìwé mẹ́fà ni Oyèdèjì kà, díẹ̀díẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ń dé etí rẹ̀, bí òjò tó ń jò láti ara páànù. Ó gbọ́ "hẹ̀lóò". Ó gbọ́ orúkọ iléeṣẹ́. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ohun tó mú kí gúgúrú ẹnu rẹ̀ dúró láìjẹ.

"Mofeyisara Oyedeji," ni obìnrin náà wí. Ó pè é wọ́gọwọ̀gọ, ṣùgbọ́n òun náà ni.

Mọ́fẹ́yìsára. Àkọ́bí rẹ̀. Ọmọ tó ṣiṣẹ́ nínú àgbàlá yìí gan-an fún ọdún méjì, tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti yẹ ẹja yíyan wò kí wọ́n tó dì í: á ṣẹ́ ọ̀kan níbi ọrùn, á fi etí sí i bóyá ó dún gán-ín tàbí ó rọ̀. Ọmọ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ta ilẹ̀ Ìṣẹ́yìn kó lè lọ kàwé ní Kánádà. Báwo ni ẹni tí kò rí rí ṣe mọ orúkọ rẹ̀? Kí ló ń wá? Olè jẹnẹrétọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohùn tútù.

Obìnrin náà tún béèrè: ṣé ọmọ yìí ti bá wọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí?

"Nóò," ni Oyèdèjì wí. Ó wá kó gbogbo Gẹ̀ẹ́sì tó ní jọ. Ó ní kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí. Ó ní kò sí rí. Obìnrin náà ka lẹ́tà orúkọ ọmọ náà fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń kọ́ ọmọdé. Oyèdèjì ní òun ti gbọ́, àwọn ò mọ̀ ọ́n. Kó lè di ojú ọ̀nà náà pátápátá, ó fi kún un pé ibí yìí kì í ṣe iléeṣẹ́ kankan. Ó pa fóònù.

Ó dìde, ó lọ yẹ géètì wò bóyá ó wà ní títì. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, inú rẹ̀ dùn díẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, wọn ò rí òun mú. Ó jẹ gúgúrú rẹ̀ tán.

Nígbà tó dé ilé ní ìrọ̀lẹ́, ó sọ fún Agnes, ìyàwó rẹ̀, tó ń rán yúnífọ́ọ̀mù ọmọ ilé-ìwé nínú yàrá kan ṣoṣo tí wọ́n háyà ní Ìgbógbó.

"Wọ́n dárúkọ ẹ̀?" Agnes gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. "Orúkọ ẹ̀ tán pátá?"

"Pẹ̀lú orúkọ tèmi lẹ́yìn."

"Jésù! Kí lẹ wá sọ?"

"Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n."

"Ẹ ṣé, ọkọ mi. Ọlọ́run ló fi ọgbọ́n yẹn sí yín lẹ́nu. Ayé ti bàjẹ́." Ó ronú díẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká pe ọmọ náà, ká bi í léèrè."

"Ká pè é ká sọ kí ni? Ká dẹ́rù bà á níbi iṣẹ́? Fi sílẹ̀, ó ti tán."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi sílẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n kì í bá ọmọ wọn sọ̀rọ̀. Gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè ló ń pè. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ kò ju ṣé ẹ jí dáadáa, ṣé òtútù ti dín kù, ṣé o ń jẹun. Oyèdèjì ló fà á. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí Mọ́fẹ́ ń lọ, bí àpótí ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó fà á sí kọ̀rọ̀, ó ní, "Ohunkóhun tí o bá dáwọ́ lé níbẹ̀, má sọ ọ́ títí tó fi máa tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́. Má sọ fún ọ̀rẹ́, má sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi bàbá rẹ gan-an, má sọ fún mi. Ẹnu mi lè já." Àbúrò Agnes kan ti dúpẹ́ físà nínú ìjọ rí, kí físà tó jáde, físà náà ò sì jáde mọ́. Ohun tí Oyèdèjì rí nìyẹn. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ní òun ti gbọ́, Dádì. Ọmọ tó ń gbọ́ràn ni.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ni ó pè. Agnes gbé fóònù sórí tábìlì ìránṣọ, ó tẹ ibi tí ohùn á ti jáde síta fún àwọn méjèèjì.

"Ẹ káàsán, Mọ́mì. Ẹ káàsán, Dádì."

"Ọmọ mi, o káre. Ṣé kò sí?"

Wọ́n retí pé á ní kò sí. Wọ́n kàn gbọ́ tó fa imú.

"Mọ́fẹ́? Kí ló dé? Ṣé ara rẹ ò yá ni?"

"Ara mi yá, Mọ́mì. Ẹ má bínú. Mi ò fẹ́ sọ fún yín kó tó bọ́ sí i. Ẹ̀yin náà mọ̀ bí Dádì ṣe sọ."

Ó wá rọra sọ ọ́. Láti ìgbà tó ti parí ìwé rẹ̀, ìwé iṣẹ́ tí ìjọba Kánádà fún un ló fi ń gbé ibẹ̀, ìwé náà á sì kú ní oṣù kọkànlá. Bí ó bá kú kó tó rí ẹni dúró fún un, kó múra ilé ni. Ẹni tó lè dúró fún un náà ni iléeṣẹ́ tó gbà á síṣẹ́. Bí wọ́n bá kọ̀wé sí ìjọba pé àwọn fẹ́ ẹ, ó lè béèrè ìwé ìgbélùú, èyí tí wọ́n ń pè ní PR, tí á fi máa gbé ibẹ̀ bí ọmọ onílé. Iléeṣẹ́ ẹja ni ibẹ̀ náà, ní ìlú kékeré kan létí òkun. Ọ̀gá ibẹ̀ ti rí bí ó ṣe ń ṣẹ́ ẹja tó ń fetí sí i, ó sì fẹ́ fi í ṣe olórí àwọn tó ń yẹ ẹja wò. Ìwé ti wà nílẹ̀. Ó ku kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ibi tó ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́.

"Mo fún wọn ní lẹ́tà tí Àǹtí Ìbídùnní tẹ̀ fún mi nígbà tí mò ń bọ̀. Wọ́n pe nọ́ńbà tó wà lórí ẹ̀ ní Túsìdeè. Ọkùnrin kan ló gbé e. Ó ní òun ò mọ̀ mí. Ó ní mi ò ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí. Ó tún ní kì í tiẹ̀ ṣe iléeṣẹ́." Ohùn rẹ̀ já. "Wọ́n ní lẹ́tà mi, ayédèrú ni. Mọ́mì, wọ́n pè mí sínú ọ́fíìsì, wọ́n ń wò mí bí olè."

Agnes gbé ojú sókè. Ó wo Oyèdèjì. Oyèdèjì wo ilẹ̀.

"Dádì," ni Mọ́fẹ́ wí, "ẹ̀yin lẹ wà ní géètì. Ta ló ń gbé fóònù yẹn báyìí?"

Oyèdèjì mi orí sí Agnes pé kó má wí nǹkan kan. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bẹ̀ ẹ́.

"Mi ò mọ̀," ló wí. "Bóyá... bóyá Ìbídùnní ti tà á."

"Háà. Ẹ bá mi béèrè, Dádì. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ bá mi dé ọ̀dọ̀ Àlájì. Bí òun alára bá lè bá wọn sọ̀rọ̀, bóyá wọ́n á gbọ́."

"Màá lọ. Lọ́la gan-an ni màá lọ."

Nígbà tí fóònù kú, Agnes kò pariwo. Ìbá dára ká ní ó pariwo. Ó mú yúnífọ́ọ̀mù kan, ó ń wá ojú abẹ́rẹ́.

"Ẹ ṣẹ́ ẹ ní Túsìdeè," ló wí, "ẹ tún ṣẹ́ ẹ lónìí. Bàbá Mọ́fẹ́, àkùkọ mélòó lẹ fẹ́ kó kọ?"

"Ìwọ náà ní mo ṣeun."

"Mo ní ẹ ṣeun fún ti Túsìdeè. Ta ló ní ẹ ṣeun fún tòní?"

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kí oòrùn tó yọ dáadáa, Oyèdèjì ti wà níbi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́. Ìwé géètì méjì ló gbé dání nínú ọ̀rá, àwọn ti ọdún méjì tí Mọ́fẹ́ fi ṣiṣẹ́. Kò jù wọ́n nù, nítorí ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í ju nǹkan nù. Nínú wọn, láràárọ̀, orúkọ ọmọ náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú àmì ọwọ́ rẹ̀ tó rí róbótó bí ojú ẹja. Ọkọ̀ kọjá Imota, ó kọjá ibi tí wọ́n ti ń ta ọ̀pẹ òyìnbó. Oyèdèjì ò wo ìta. Ó ń ṣí ìwé, ó ń pa á dé. Ọdún méjì, inú òun dùn bí òun ti ń kọ orúkọ yẹn. Ìṣẹ́jú méjì ni òun fi pa á rẹ́.

Ó bá Àlájì Tìrìmísíyù lábẹ́ àtíbàbà tí ó kọjú sí ọ̀sà, ó ń já àwọ̀n tó ti gbó, ó ń yọ òjé ara rẹ̀ sínú agolo. Ó ti rù díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò rù.

"Déjì! Ta ló ń ṣọ́ géètì mi? Ṣé wọ́n ti wá kó géètì náà lọ ni?"

"Géètì wà níbẹ̀, Àlájì. Ẹ káàárọ̀, sà."

Oyèdèjì dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó jókòó sórí ìdí ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀. Ó ṣàlàyé. Ó ṣàlàyé ti Kánádà, ó ṣàlàyé ti lẹ́tà, ó dé ibi ti fóònù, ó ń fi ọ̀rọ̀ falẹ̀.

"Ọkùnrin kan ló gbé e. Ó ní òun ò mọ̀ ọ́n."

"Òpònú wo nìyẹn?" Àlájì ju àwọ̀n sílẹ̀. "Ọmọ tó jẹ́ pé bí ó bá ní ẹja yìí ò tíì gbẹ, bàbá èmi gan-an ò gbọdọ̀ dì í! Ta ni òpònú náà?"

"Èmi ni, Àlájì."

Ọkọ̀ elẹ́ńjìnnì kan ń kọjá lórí omi. Àlájì dúró kí ariwo rẹ̀ lọ.

"Ìwọ?"

"Ẹ̀yin lẹ ní bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ẹnikẹ́ni, mi ò mọ̀ ọ́n. Ẹ ní bí ó bá ṣe ẹ̀yin alára ni."

"Èmi ni mo ní kó o má mọ̀! Èmi, Tìrìmísíyù! Ṣé mo ní kó o má mọ ọmọ bíbí inú rẹ ni?" Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò jáde. Ó mú àwọ̀n, ó tún gbé e sílẹ̀. "Mo sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Lá ìlàhà. Mo sọ bẹ́ẹ̀."

Ó pe ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ummusalamah, tó jẹ́ tíṣà, pé kó wá fi Gẹ̀ẹ́sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Ó dé lẹ́yìn ìgbà tí ilé-ìwé jáde, ìbòrí rẹ̀ funfun, ó kúnlẹ̀ kí àgbà méjèèjì. Kò ju ọdún kan lọ tó fi ju Mọ́fẹ́ lọ. Ó ya àwòrán ojú ìwé géètì méjìlá, ó fi ránṣẹ́ sí ibi tí Mọ́fẹ́ ní kó fi ránṣẹ́ sí nígbà tó pè é gba nọ́ńbà obìnrin òyìnbó náà. Wọ́n dúró kí ilẹ̀ Kánádà mọ́. Láago mẹ́ta, ó pe obìnrin náà, ó sì gbé fóònù sáàárín wọn lórí ìdí ọkọ̀.

Ó sọ ọ́ dáadáa. Ó ní bàbá òun ló ni iléeṣẹ́ náà, ó ní bàbá òun rèé. Àlájì náà sọ tirẹ̀ ní Yorùbá, Ummusalamah túmọ̀ rẹ̀: ọmọ náà ṣiṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kì í pa irọ́. Obìnrin náà ń ní "okéè, okéè". Ara Oyèdèjì bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀. Obìnrin náà wá béèrè ohun kan, Ummusalamah sì yíjú sí bàbá rẹ̀.

"Kí ló wí?" Àlájì béèrè.

Ummusalamah fi ọwọ́ bo ẹnu fóònù. "Ó ní ta wá ni ọkùnrin tó gbé fóònù lọ́jọ́sí, tó ní rárá."

"Sọ fún un pé olè ló jí fóònù náà. Ó ṣáà ti kó jẹnẹrétọ̀ mi rí, kó ru èyí náà mọ́ ọn."

"Àlájì, ẹ jọ̀ọ́. Bí wọ́n bá tún ká irọ́ kan mọ́ wa lọ́wọ́, ó parí," ni Ummusalamah wí.

Oyèdèjì na ọwọ́. Kò mọ ìgbà tó nà án. Ó gbé fóònù sún mọ́ ẹnu, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ tó ń mẹ́sẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní, mádáàmù, èmi ni. Ó ní, èmi ni bàbá ọmọ náà. Èmi ni mo ń ṣọ́ géètì. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo rò pé ẹ fẹ́ jí i gbé ni. Ó ní, ọmọ mi ò purọ́, èmi ni mo purọ́.

Omi ọ̀sà ń gbá ẹsẹ̀ àtíbàbà. Obìnrin náà wá béèrè bóyá ọwọ́ bàbá náà ló kọ orúkọ tó wà nínú àwọn àwòrán yẹn. Ummusalamah wo Oyèdèjì, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó béèrè bóyá bàbá náà àti ọmọ rẹ̀ jẹ́ ẹbí ẹni tó ni iléeṣẹ́. Ummusalamah ní rárá. Obìnrin náà dúpẹ́. Ó ní àwọn á fèsì.

"Ó dúpẹ́," ni Oyèdèjì ń wí ṣáá. "Ẹ gbọ́ ọ, ó dúpẹ́."

Ummusalamah ń kó ìwé géètì padà sínú ọ̀rá. Àlájì ní kí wọ́n di ẹja àrọ̀ yíyan mẹ́ta fún un, kó gbé e lọ fún ìyàwó rẹ̀. Nínú ọkọ̀, bí ó ti ń padà sí Ìkòròdú, ara rẹ̀ fúyẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àná. Ó ń tò ó lẹ́nu bí òun á ṣe sọ ọ́ fún Mọ́fẹ́ lọ́jọ́ Sọ́ńdè: kí òun kọ́kọ́ ní "ọmọ mi, má bínú", tàbí kí òun kọ́kọ́ ní "èmi ni". Ó fi sí "èmi ni". Sọ́ńdè ò jìnnà.

Kò dé Sọ́ńdè. Lọ́jọ́ Bọ̀, bí ó ti ń gbá ewé máńgòrò jọ ní iwájú géètì, fóònù tirẹ̀ dún. Mọ́fẹ́ ni. Ariwo ẹ̀rọ wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Dádì, wọ́n ti fèsì."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní àwọn ò lè tẹ̀ síwájú. Wọ́n ní ẹnì kan ní rárá, ẹnì kan ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹni tó ní rárá wá jẹ́ bàbá mi. Ìwé tó yẹ kó gbè mí, bàbá mi náà ló kọ ọ́. Wọ́n ní bóyá òótọ́ ni, àwọn ò mọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ò lè fi orúkọ àwọn síwájú ìjọba lórí ohun tí kò dá àwọn lójú. Wọn ò lé mi. Wọ́n ti fi ẹlòmíràn sí ibẹ̀."

Oyèdèjì di ìgbálẹ̀ mú. "Èmi ni" tó ti tò sẹ́nu láti ọjọ́ Mọ́ńdè, òyìnbó ti gbà á sọ.

"Mo fẹ́ sọ fún ẹ lọ́jọ́ Sọ́ńdè."

"Mo mọ̀." Kò bínú. Ìyẹn ló burú. "Dádì, nígbà tí wọ́n pe orúkọ mi, ṣé ẹ ò gbọ́ ọ dáadáa ni? Òyìnbó ló pè é, mo mọ̀ bí wọ́n ṣe máa ń pè é."

Ọ̀nà àbáyọ nìyẹn. Ọmọ náà ló ń la ọ̀nà fún un, kó lè ní òun ò gbọ́ ọ. Oyèdèjì rí ọ̀nà náà. Kò gbà á.

"Mo gbọ́ ọ."

"Ẹ gbọ́ ọ, ẹ wá ní ẹ ò mọ̀ mí."

"Nítorí pé mo gbọ́ ọ ni, Mọ́fẹ́. Ká ní orúkọ ẹlòmíràn ni, bóyá ẹ̀rù ò ní bà mí tó bẹ́ẹ̀."

Oyèdèjì gbọ́ tí ẹnì kan pe Mọ́fẹ́ láti ẹ̀yìn, tí ó fi Gẹ̀ẹ́sì dá ẹni náà lóhùn pé òun ń bọ̀. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ti ń gba imú jáde.

"Ó ku oṣù márùn-ún," ló wí. "Màá wá ibòmíràn. Iléeṣẹ́ kan wà ní ìlú kan tó jìn, wọ́n ń wá èèyàn. Àwọn náà á pe ilé kí wọ́n tó gbà mí."

"Fún wọn ní nọ́ńbà mi. Tèmi gan-an, kì í ṣe ti iléeṣẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí màá—"

"Ti Ummusalamah ni màá fún wọn, Dádì."

Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé.

"Ó dáa," ni Oyèdèjì wí. "Ó dáa bẹ́ẹ̀."

"Ẹ bá mi kí Mọ́mì. Ó dàbọ̀, Dádì."

Ọ̀sẹ̀ kejì, fóònù tọ́ọ̀ṣì náà dún lára ìṣó. Oyèdèjì wà ní ìdí kàǹga ní òdìkejì àgbàlá. Ó ju okùn sílẹ̀, ó sáré. Ẹni tó bá rí i lọ́jọ́ náà á rò pé iná ń jó ni. Kò wo nọ́ńbà, kò dúró kí wọ́n tún pè.

"Hẹ̀lóò! Yẹ́ẹ̀sì! Iléeṣẹ́ ẹja ni! Mofeyisara Oyedeji, mo mọ̀ ọ́n. Ọdún méjì ló fi ṣiṣẹ́ níbí. Ọmọ mi ni. Ọmọ dáadáa ni."

Ohùn obìnrin kan ń lọ ní tirẹ̀ láìdúró. Ohùn tí iléeṣẹ́ fóònù ti gbà sílẹ̀ ni, ó ń ní kó tẹ oókan bí ó bá fẹ́ orin tuntun, kó tẹ eéjì bí kò bá fẹ́. Oyèdèjì gbọ́ ọ, ó sì mọ ohun tó jẹ́. Síbẹ̀ kò pa fóònù. Ó dúró tì í níbẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó sì tún rọra sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, orúkọ náà tán pátá, títí fóònù fi dákẹ́ fúnra rẹ̀.